Níbo ni ẹwà mọ́tò náà wà: lójú ara rẹ̀ ni, àbí lábẹ́ bọ́nẹ́ẹ̀tì?

ÌBÉÈRÈ: Ẹ̀gbọ́n, ẹ kú iṣẹ́. Ọdún mẹ́ta rèé tí mo ti ń kó mọ́tò dáíkáàsì (àwòṣe mọ́tò kéékèèké tí wọ́n fi irin dídà ṣe) jọ, àwọn mọ́tò asáré ni mo sì fẹ́ràn jù. Ìwọ̀n 1:18 ni gbogbo wọn (ìdá kan nínú méjìdínlógún mọ́tò gidi), irin ni wọ́n, ilẹ̀kùn wọn ń ṣí, bọ́nẹ́ẹ̀tì wọn ń ṣí. Owó ẹyọ kan péré ló wà lọ́wọ́ mi báyìí, mọ́tò méjì ló sì ń fà mí. Ọ̀kan ni Lamborghini Miura tí wọ́n fi irin ṣe. Èkejì ni Porsche 917/20 aláwọ̀ píǹkì tí wọ́n fi rẹ́sìnì (ohun olómi tó ń dì le bí ike) ṣe, tí ohunkóhun kì í ṣí lára rẹ̀. Ọ̀rẹ́ mi tó mú mi wọnú nǹkan yìí ní rẹ́sìnì kì í ṣe mọ́tò àwòṣe gidi, pé irin nìkan ni ojúlówó. Ṣé kí n dúró sórí irin ni, àbí kí n gbìyànjú rẹ́sìnì?

ÌDÁHÙN: Àbúrò mi, èmi náà fẹ́ràn irin. Inú mi máa ń dùn tí mo bá gbé mọ́tò irin 1:18 lé àtẹ́lẹwọ́, tó tutù, tó wúwo, tí mo ti ilẹ̀kùn rẹ̀ tó sì dún "pà" bó ṣe ń wọ àyè rẹ̀. Nítorí náà mi ò ní bá ọ̀rẹ́ rẹ jà lórí ohun tó fẹ́ràn. Ṣùgbọ́n ó ṣi Porsche yẹn mú. Bọ́dì 917 gidi, èyí tó sáré ní Le Mans (eré ìje mọ́tò oníwákàtí mẹ́rìnlélógún ní ilẹ̀ Faransé), kì í ṣe irin rárá. Fọ́nrán gíláàsì tí wọ́n fi rẹ́sìnì lẹ̀ pọ̀ ni, tí wọ́n gbé ka orí férémù páìpù alumíníọ̀mù kí mọ́tò náà lè fúyẹ́. Ferrari F40 tó jáde ní 1987 ńkọ́? Fọ́nrán kábọ̀n àti Kevlar (fọ́nrán àtọwọ́dá kan tó le gan-an) tí wọ́n fi rẹ́sìnì dè ló pọ̀ lára bọ́dì tirẹ̀ náà. Bí a bá ní kí ara àwòṣe jọ ara mọ́tò tó ń ṣàfarawé, rẹ́sìnì súnmọ́ 917 ju irin lọ.

Èyí kò wá sọ pé rẹ́sìnì ni kí gbogbo ènìyàn lọ máa rà. Ohun tí mo ń wí ni pé "irin tàbí rẹ́sìnì" kọ́ ni ìbéèrè tó yẹ kó ṣáájú. Ohun tí mo máa ń bi ara mi kí n tó náwó ni pé: mọ́tò yìí, ibo ni àwọn tó ṣe é fi ẹwà rẹ̀ sí? Bó bá jẹ́ ojú ara rẹ̀ ni, mi ò nílò ilẹ̀kùn tó ń ṣí. Bó bá jẹ́ pé inú ló wà, àwòṣe tí wọ́n dì pa kò lè fi hàn mí, bó ti wù kí ọ̀dà rẹ̀ dán tó.

Jẹ́ kí n kọ́kọ́ sọ ohun tí irin wa yìí jẹ́. Kì í ṣe irin tí alágbẹ̀dẹ ń lù. Síǹkì ni, tí wọ́n pò mọ́ alumíníọ̀mù tó tó ìdá mẹ́rin nínú ọgọ́rùn-ún, pẹ̀lú magnẹ́síọ̀mù díẹ̀ àti bàbà díẹ̀. Zamak ni wọ́n ń pè é, láti ara lẹ́tà tó bẹ̀rẹ̀ orúkọ àwọn èròjà náà ní èdè Jámánì. Ilé iṣẹ́ New Jersey Zinc ní Amẹ́ríkà ló gbé e jáde ní 1929. Kò tó 400°C tó fi ń yọ́, ìyẹn ló jẹ́ kó rọrùn láti fi agbára tì í wọ inú mọ́ọ̀dù onírin, kó dì wéré, kí wọ́n yọ ọ́, kí wọ́n sì da òmíràn. Mọ́ọ̀dù kan ṣoṣo lè da ẹgbẹẹgbẹ̀rún mọ́tò kó tó gbó. Owó gbígbẹ́ mọ́ọ̀dù yẹn ni ìṣòro. Ó pọ̀ débi pé ilé iṣẹ́ kò lè gbẹ́ ẹ fún mọ́tò tí ènìyàn díẹ̀ péré yóò rà. Òun ló fà á tí o fi ń rí Ferrari kan náà lọ́dọ̀ ilé iṣẹ́ bíi mẹ́fà, tí mọ́tò tó gba ipò ogún ní Le Mans kò sì sí lọ́dọ̀ ẹnì kankan tó ń fi irin ṣe é.

Rẹ́sìnì kì í náni lówó tó bẹ́ẹ̀ níbẹ̀rẹ̀. Ohun olómi ni, wọ́n ń dà á sínú mọ́ọ̀dù sílíkónì tó rọ̀ bíi rọ́bà. Mọ́ọ̀dù náà kò wọ́n, ṣùgbọ́n kì í pẹ́ gbó. Bí wọ́n bá ti dà á bí ìgbà mélòó kan, ojú rẹ̀ á bẹ̀rẹ̀ sí í bàjẹ́, wọ́n á ṣe òmíràn. Iye tí wọ́n ń ṣe kì í pọ̀ nítorí èyí, wọ́n sì lè ṣe mọ́tò tí gbogbo ayé ti gbàgbé. Ilé iṣẹ́ àwòṣe tó ń jẹ́ Spark ti fi rẹ́sìnì ṣe mọ́tò Le Mans lọ rẹpẹtẹ ní 1:43, títí kan àwọn tí kò parí eré ìje. Ẹni tó bá fẹ́ kó gbogbo mọ́tò tó bẹ̀rẹ̀ eré ìje ọdún kan jọ, irin nìkan kò lè bá a ṣe é. Rántí ọ̀rọ̀ mọ́ọ̀dù méjèèjì yìí, mo ń bọ̀ wá bá a.

Sísanra ni ohun tí àwọn olùkójọ kì í fi bẹ́ẹ̀ ronú sí, òun gan-an ló sì ń pinnu bóyá mọ́tò tó ń ṣí yóò rẹwà tàbí yóò burú. Ṣe ìṣirò yìí pẹ̀lú mi. Irin dídà gbọ́dọ̀ nípọn díẹ̀ kó tó lè kún mọ́ọ̀dù dáadáa. Ká ní etí ilẹ̀kùn àwòṣe rẹ nípọn mìlímítà kan. Ní 1:18, ìyẹn jẹ́ mìlímítà 18 lára mọ́tò gidi, bẹ́ẹ̀ páànù mọ́tò gidi kì í sábà ju nǹkan bíi mìlímítà kan lọ. Bẹ́ẹ̀ náà ni àlàfo tó yí ilẹ̀kùn ká. Bó bá jẹ́ ìdajì mìlímítà lára àwòṣe, mìlímítà 9 ló dúró fún. Ó fẹ̀ ju ti mọ́tò gidi lọ, ṣùgbọ́n ojú ṣì lè gbà á. Wá gbé àlàfo kan náà lọ sí 1:43, ó di mìlímítà 21 àti ààbọ̀. Ènìyàn lè ti àtàǹpàkò bọ̀ ọ́! Ọ̀dà pàápàá ń nípọn. Ọ̀dà tó jẹ́ ìdá kan nínú mẹ́wàá mìlímítà dúró fún mìlímítà 6.4 lára mọ́tò 1:64, ó sì ti tó láti bo ìlà ilẹ̀kùn mọ́lẹ̀ pátápátá.

Ìdí nìyẹn tí mo fi dúró lórí èyí: ní 1:18, kí ó ṣí bí ẹni tó ṣe é bá mọ iṣẹ́, ní 1:43, kí wọ́n dì í pa, ìbáà jẹ́ irin ìbáà jẹ́ rẹ́sìnì. Ìwọ̀n 1:43 yìí, ẹ̀gbẹ́ réluwéè ìṣeré ló ti wá. Àwọn mọ́tò kéékèèké tí Meccano ń ṣe ní Liverpool, tí wọ́n di Dinky Toys ní 1934, ohun tí wọ́n ń tò sí ẹ̀gbẹ́ ojú irin Hornby, réluwéè ìṣeré tí Meccano náà ń ṣe, ni wọ́n tẹ́lẹ̀. Kò sẹ́ni tó ń retí kí ilẹ̀kùn wọn ṣí nígbà yẹn, ìrísí wọn ló ń fa ọmọdé mọ́ra.

Ọ̀nà kẹta wà tí ọ̀rẹ́ rẹ kò dárúkọ. AUTOart, ilé iṣẹ́ àwòṣe tí ọ̀pọ̀ wa fi mọ́tò irin rẹ̀ kọ́ ojú wa, ti yí púpọ̀ nínú 1:18 rẹ̀ sí ike líle tí irin wà nísàlẹ̀ rẹ̀, ilẹ̀kùn àti bọ́nẹ́ẹ̀tì sì ń ṣí síbẹ̀. Nígbà tí ìyípadà yẹn bẹ̀rẹ̀, inú mi kò dùn. Mo wá gbé ọ̀kan nínú àwọn tuntun sí ẹ̀gbẹ́ èyí tí mo ti ní tẹ́lẹ̀, mo sì wò wọ́n fún ìrọ̀lẹ́ kan gbáko. Etí ilẹ̀kùn tuntun náà mú, àlàfo rẹ̀ tín-ín-rín, igun rẹ̀ kò yíká bí ti ọṣẹ tí omi ti jẹ. Ìwúwo ọwọ́ ni mo pàdánù. Mo ṣì ń ṣàárò rẹ̀, ṣùgbọ́n mi ò lè purọ́ pé ojú mi kò rí ìyàtọ̀.

Wàyí o, Miura. Ní 1965, níbi ìpàtẹ mọ́tò ní Turin, Lamborghini kò gbé mọ́tò wá. Egungun mọ́tò ló gbé wá: férémù tí wọ́n ti dá ihò sí lára kó lè fúyẹ́, àti ẹ́ńjìnì V12 lítà 3.9 tí wọ́n fi dábùú ẹ̀yìn ibi tí ìjókòó yóò wà. Ọdún tó tẹ̀ lé e, ní Geneva, ni ayé tó rí bọ́dì tí Marcello Gandini yà ní ilé iṣẹ́ Bertone. Egungun ló ṣáájú awọ. Nígbà tí wọ́n sì fi awọ bò ó tán, wọ́n ṣe é kí odidi iwájú rẹ̀ máa ṣí síwájú, kí odidi ẹ̀yìn rẹ̀ máa ṣí sẹ́yìn. Alumíníọ̀mù ni apá méjèèjì yẹn, irin ni àárín. Bí wọ́n bá dì Miura pa, ìdajì ìtàn rẹ̀ ni wọ́n tì mọ́lé. Bákan náà ni Mercedes-Benz 300 SL ti 1954. Ìdí tí ilẹ̀kùn rẹ̀ fi ń ṣí sókè bí ìyẹ́ ni pé férémù páìpù rẹ̀ ga lẹ́gbẹ̀ẹ́ ju kí ilẹ̀kùn tí gbogbo ènìyàn mọ̀ lè gba ibẹ̀. Ṣí ilẹ̀kùn àwòṣe rẹ̀, kí o wo bí ibi tí awakọ̀ ń gbà wọlé ṣe ga tó, wàá lóye mọ́tò náà láìjẹ́ pé ẹnikẹ́ni ṣàlàyé. Irú àwọn wọ̀nyí, èmi kì í ra èyí tí kò ṣí.

917/20 kò rí bẹ́ẹ̀. Ẹyọ kan ṣoṣo ni Porsche ṣe. Wọ́n ń wá bọ́dì tí yóò kó ire oríṣi méjì pọ̀: onídìí kúkúrú tó dúró dáadáa lójú ọ̀nà, àti onídìí gígùn tó ń gé atẹ́gùn kọjá. Ohun tó jáde fẹ̀, ó sì ṣù bí ẹran àsanra. Àwọn ènìyàn ń pè é ní ẹlẹ́dẹ̀, wọ́n bá kùn ún ní píǹkì, wọ́n fà ìlà sí i lára bí alápatà ṣe ń pín ẹran, wọ́n sì kọ orúkọ ìpín kọ̀ọ̀kan sí i ní èdè Jámánì. Ó sáré ní Le Mans ní 1971 pẹ̀lú nọ́ńbà 23, Reinhold Joest àti Willi Kauhsen ló wà á, ìjàǹbá ni kò jẹ́ kó parí. Gbogbo ohun tí mọ́tò náà fẹ́ sọ fún ọ, ara rẹ̀ lóde ló kọ ọ́ sí. Àwọn ìlà alápatà yẹn kọjá láti ara ilẹ̀kùn bọ́ sí èjìká táyà (ara bọ́dì tó bo táyà), láti èjìká táyà bọ́ sí ìdí. Lára àwòṣe tó ń ṣí, àlàfo ló máa ń já wọn sí wẹ́wẹ́. Lára èyí tí wọ́n dì pa, ìlà náà ń lọ geere.

Ṣọ́ra fún nọ́ńbà yẹn o. Porsche 917 tó borí ní Le Mans ní 1970, tí Hans Herrmann àti Richard Attwood wà, 23 ni nọ́ńbà tirẹ̀ náà, ṣùgbọ́n pupa àti funfun ni, ìdí kúkúrú ló sì ní. Ìṣẹ́gun àpapọ̀ àkọ́kọ́ tí Porsche ní ní Le Mans nìyẹn. Mo ti rí i tí àwọn tó ń tajà da ìtàn méjèèjì pọ̀.

Ohun yòówù kí wọ́n fi ṣe mọ́tò tó o fẹ́ rà, wo ìrísí rẹ̀ kó o tó wo nǹkan mìíràn. Wá fọ́tò mọ́tò gidi tí wọ́n yà láti ẹ̀gbẹ́, gbé fọ́tò àwòṣe tí wọ́n yà láti ẹ̀gbẹ́ sí abẹ́ rẹ̀. Fi ojú tọ ìlà òrùlé láti gíláàsì iwájú títí dé ìdí. Wo táyà: ṣé ríìmù tóbi jù, ṣé rọ́bà tó yí i ká ti tẹ́ẹ́rẹ́ ju ti mọ́tò ìgbà yẹn lọ? Wo bó ṣe ga sílẹ̀ tó, nítorí mọ́tò asáré tí àlàfo ńlá wà láàárín táyà àti èjìká rẹ̀ kò ní dára láé, ìbáà ní ẹgbẹ̀rún ohun tó ń ṣí. Lẹ́yìn náà, wo iná iwájú. Lára àwọn kan, wàá rí àmì dúdú kan láàárín gíláàsì iná bí ẹyinjú. Èèkàn ike tí wọ́n fi kan gíláàsì náà mọ́ bọ́dì ni, ó sì máa ń sọ ojú mọ́tò di ojú ẹja. Mo ní àwòṣe 300 SL àtijọ́ kan láti ilé iṣẹ́ Bburago, èyí tí wọ́n ṣe ní Ítálì. Inú rẹ̀ rọrùn, ẹ́ńjìnì rẹ̀ kì í ṣe ohun tí wọ́n fi bẹ́ẹ̀ ṣe lọ́ṣọ̀ọ́, ṣùgbọ́n ìlà èjìká rẹ̀ tọ́. Mọ́tò tí owó rẹ̀ ju tirẹ̀ lọ dáadáa ti kúrò lórí pẹpẹ mi, òun ṣì wà níbẹ̀.

Bí ọ̀rẹ́ rẹ bá sọ fún ọ pé irin kì í bàjẹ́, kì í ṣe òótọ́. Zamak ní àìsàn tirẹ̀. Bí òjé, tánńganran tàbí kádímíọ̀mù díẹ̀ bá kó sínú síǹkì nígbà tí wọ́n ń dà á, ọrinrin inú afẹ́fẹ́ yóò máa jẹ ẹ́ láti inú wá, láàárín hóró kan sí èkejì. Irin náà á wú, ilẹ̀kùn tó ń wọlé dáadáa á kọ̀ láti wọlé, ojú ọ̀dà á sán bí èèpo ẹyin, nígbẹ̀yìn bọ́dì á fọ́ sí wẹ́wẹ́. Àwọn tí wọ́n ṣe ṣáájú Ogun Àgbáyé Kejì ló ń ṣe jù, ṣùgbọ́n ó ti mú àwọn tí wọ́n ṣe lẹ́yìn náà pẹ̀lú. Kò ní ìwòsàn. Kì í ran èyí tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀, má ṣe jẹ́ kí wọ́n fi ìyẹn dẹ́rù bà ọ́. Nígbà kan, mo ra mọ́tò irin àtijọ́ kan lọ́wọ́ ẹnì kan tó ṣẹ̀ṣẹ̀ kùn ún. Ọ̀dà tuntun náà ló bo ìlà sísán mọ́lẹ̀. Kò pé ọdún tí wọ́n fi yọ síta. Láti ìgbà yẹn, abẹ́ mọ́tò, níbi tí ọ̀dà kò dé, ni mo kọ́kọ́ máa ń wò.

Má ṣe dà á pọ̀ mọ́ róro tó ń yọ lójú ọ̀dà nígbà tí mọ́tò bá pẹ́ jù nínú ọ̀rá tàbí fóòmù tí wọ́n fi dì í. Ọrinrin tó há síbẹ̀ ló ń fa ìyẹn, irin rẹ̀ lè wà ní pípé. Yọ gbogbo ọ̀rá kéékèèké tí wọ́n fi sí etí ilẹ̀kùn ní ọjọ́ tí mọ́tò bá dé. Mo fi tèmi kan sílẹ̀ bẹ́ẹ̀ fún ọdún mẹ́rin, ojú ibẹ̀ kò dán bí ìyókù mọ́ títí di òní.

Rẹ́sìnì ń bẹ̀rù ooru ní tirẹ̀. Bí oòrùn bá ń wọlé tọ̀ ọ́ láti ojú fèrèsé, ó lè tẹ̀, pàápàá níbi tó fẹ́lẹ́ bí ìyẹ́ ẹ̀yìn. Àwọn irin fẹ́lẹ́fẹ́lẹ́ tí wọ́n fi ásíìdì gé, bíi àwọ̀n atẹ́gùn àti ọwọ́ wáípà, àtè ló mú wọn, wọ́n sì lè já bọ́ bí o bá di mọ́tò náà mú níbi tí kò yẹ. Abẹ́ rẹ̀ ni kó o máa gbá mú. Bó bá sì bọ́ sílẹ̀, ó fọ́ nìyẹn; irin ì bá kàn tẹ̀ díẹ̀ tàbí kí ọ̀dà rẹ̀ bó. Táyà rọ́bà, lára irin tàbí rẹ́sìnì, ń tú èròjà kan jáde díẹ̀díẹ̀ tó máa ń jẹ ike tó bá jókòó lé lórí. Fi nǹkan kékeré gbé abẹ́ mọ́tò náà sókè kí táyà má baà fi gbogbo ìwúwo tẹ pẹpẹ.

Ó ku èyí tí wàá rà. Ra Porsche náà.

Miura yẹ kó jẹ́ irin, Porsche yẹn sì yẹ kí wọ́n dì pa, méjèèjì ló bá ohun tí mo ti ń sọ mu. Ọ̀rọ̀ mọ́ọ̀dù ló kàn dá a fún mi. Ilé iṣẹ́ tó ti náwó gbẹ́ mọ́ọ̀dù irin fún Miura kò ní fẹ́ kí owó náà sùn. Bí aláwọ̀ ọsàn bá tán, ó ṣeé ṣe kí wọ́n tún kùn ún ní àwọ̀ ewé, tàbí kí ilé iṣẹ́ mìíràn gba mọ́ọ̀dù náà. Rẹ́sìnì kì í sábà padà wá bẹ́ẹ̀. Bí wọ́n bá ti ṣe iye tí wọ́n kọ sí abẹ́ rẹ̀ tán, ó di pé kó o máa wá a lọ́wọ́ ẹni tó ti ní in. Má tìtorí ìyẹn rà á kó o lè tà á lérè o. Rà á torí pé o fẹ́ máa wò ó. Gbogbo mọ́tò tó wà lórí pẹpẹ rẹ ló ń ṣí. Ó tó àkókò kí ojú rẹ bá ọ̀kan pàdé tí ìrísí nìkan ló ní láti fi bá ọ sọ̀rọ̀.

Nígbà tí owó Miura bá wá pé, kọ̀wé sí mi kó o tó sanwó, kó o sì sọ ohun tí wọ́n kọ sára àpótí rẹ̀. Oríṣi Miura mẹ́ta ló wà: P400, S àti SV. P400 àti S ní ìlà dúdú kéékèèké tó yí iná iwájú wọn ká bí irun ìpéǹpéjú. SV kò sábà ní i, èjìká táyà ẹ̀yìn rẹ̀ sì fẹ̀ ju ti àwọn méjèèjì lọ. Bí àpótí bá sọ SV, tí mọ́tò inú rẹ̀ sì ní ìpéǹpéjú pẹ̀lú èjìká tóóró, dá a padà.